Ẹ Má Tètè Lé Ìjáyà Lọ

Bí àyà ènìyàn bá já nílẹ̀ yìí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í bi í ní ohun tó rí. "Ọlọ́run ò ní jẹ́." "Kì í ṣe ìpín ẹ." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àdúrà dára, èmi náà a máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí táyà iwájú ti ń kọ lóminú láti Ìbàdàn, tí àwọn èrò ní kó fọkàn balẹ̀, táyà ọ̀hún kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di tuntun.

Àyà jíjá kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ọpọlọ ló rí ewu, tàbí tó rò pé òun rí i, ó wá ránṣẹ́ sí ẹ̀yà kékeré tó jókòó lórí kíndìnrín, ìyẹn sì tú adrenálínì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkì, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Ara ń múra ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò JAMB kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má tíì ṣíwèé ni o.

Ẹ rántí ohun tí ìfura ṣe fún wa ní oṣù Keje ọdún 2014. Patrick Sawyer ti Làìbéríà dé sí Èkó, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Nígbà tí Dókítà Stella Ameyo Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ara fu ú. Ó ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò Ebola, kò sì jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde, bí àwọn aláṣẹ Làìbéríà tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà pa dókítà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 péré ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ká ní ìfura yẹn kò sí ńkọ́, nínú Èkó tí èrò dáńfó ń fara kanra?

Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló sábà máa ń pa ìjáyà. Níbi tí tánkà epo bá ṣubú sí, bí ẹni mẹ́wàá bá ti ń gbọ́n epo, ẹni kọkànlá á gbà pé kò léwu. Ní Majia, Ìpínlẹ̀ Jigawa, ó lé ní 150 ènìyàn tó jóná kú bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń gbọ̀n nírú ibẹ̀, ẹ fi sáré.

Kì í ṣe gbogbo ìjáyà ló yẹ ká gbọ́ tirẹ̀ ṣá. Ẹni tó pè yín pé àkáǹtì yín fẹ́ tì, pé kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wọ fóònù yín fún òun kíákíá, ìjáyà yín ló fi ń ṣòwò. Èyí tó ní kẹ́ ẹ dúró wò ó dáadáa, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Èyí tẹ́nì kan fi ń lé yín kẹ́ ẹ má ráyè ronú, ẹ gé ìpè náà.

Bí ìjáyà bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí oorun lọ, tí oúnjẹ ò wọlé, tí àyà ń já láìnídìí, àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Bí dókítà bá tọ́ka yín sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba tàbí Aro l'Abẹ́òkúta, kò túmọ̀ sí pé orí yín ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹni tó ń tajà ní kẹ́míìsì di dókítà. Oògùn afọkànbalẹ̀ bíi Lexotan àti Valium a máa di bárakú, ẹni tó bá sì fi ọtí pọ̀ mọ́ ọn lè sùn kó má mí mọ́. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kó lọ bá dókítà, kí wọ́n máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.