Ẹ Má Fi Fóònù Ra Ẹkún Ọmọ

Ọmọ ọdún méjì ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Ìyá ní òun ò ní fún un ní fóònù. Ẹkún le sí i. Ìyá wojú àwọn àlejò, ó fa fóònù yọ. Kẹ́kẹ́ pa.

Ẹ̀yin òbí, mo kìlọ̀ fún yín: ìyá àti ọmọ ló kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ohun dídùn tó dé lè mú kí ìwà kan ta gbòǹgbò, ìnira tó kúrò nílẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ké, fóònù dé. Ìyá fún un, ariwo lọ. Lọ́la, àwọn méjèèjì á tún un ṣe. Gerald Patterson, onímọ̀ ìhùwàsí ní Oregon, l'Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé lórí pańpẹ́ yìí lọ́dún 1982.

Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ń fún un? Ìyẹn gan-an ló burú jù. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì, Ferster àti Skinner, fi ẹyẹlé wò ó, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1957: ẹyẹlé tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ máa bọ́ kì í tètè jáwọ́ nínú ohun tó ń mú oúnjẹ náà wá. Ọmọ tí ẹ kọ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ẹ wá gbà fún lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ ti kọ́ ọ pé kó má ṣàárẹ̀.

Àmọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣeé mú kúrò. Lọ́dún 1959, onímọ̀ ìhùwàsí kan, C. D. Williams, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Àìsàn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ, àmọ́ ẹkún rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn òbí rẹ̀ kúrò nídìí ibùsùn lálẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sùn, wọ́n jáde, wọn ò padà. Ó fi ìṣẹ́jú 45 ké lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó fi di ìgbà kẹwàá, ẹ̀rín ló ń rín sí wọn. Àfìgbà tí àǹtí rẹ̀ tẹ́ ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, tó gbọ́ ẹkún, tó sì padà wọlé. Ẹkún tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. (Irú àǹtí bẹ́ẹ̀ ò wọ́n nílé wa.)

Ẹkún ebi, àìsàn tàbí ẹ̀rù kọ́ ni mò ń wí o. Ẹ dá ìyẹn lóhùn kíá. Èyí tó ń béèrè fóònù ni kí ẹ kọ etí dídi sí. Ó lè kọ́kọ́ le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe ké tó yẹn ló lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Torí náà, kí ẹ tó dáwọ́ lé e, ẹ bá màmá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀ sọ ọ́ yanjú, kẹ́nikẹ́ni má ṣe yọ fóònù fún un lẹ́yìn yín.