Kí O Tó Ra Ilé Etí Òkun, Kọ́kọ́ Lọ Wo Dunwich

Ipswich, Suffolk

Sí ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n, Adéwálé Àlàó,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ní àkàtúnkà. Mo wo fọ́tò ilé tí o fi sínú rẹ̀ dáadáa: ilé funfun olójú fèrèsé gbàgàdà tí ó kọjú sí òkun, tí òdòdó kún inú ọgbà rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Norwich tí ẹ ń gbé. O ní kí n fi àdúrà tì yín lẹ́yìn, kí n sì sọ ohun tí mo bá rí sí i. Àdúrà kò ní wọ́n yín láéláé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, tí bàbá rẹ tí ì bá bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí sì ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè, èmi ni ó kù tí ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, n kò sì ní fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n: má tíì san kọ́bọ̀ lórí ilé náà.

N kò sọ pé òkun kò dára ní wíwò, nítorí àrà Ọlọ́run ni agbami, alagbalúgbú omi tí ẹnìkan kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọba tí í gba odò mọ́ra tí kì í kún. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o kọ́kọ́ dé Dunwich. Abúlé kékeré ni, ní etí Òkun Àríwá, láàárín Southwold àti Aldeburgh, ní Suffolk tí èmi ń gbé yìí. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ibẹ̀. Darsham ni ibùdókọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, láti ibẹ̀ ni a ó ti wọ mọ́tò gba àárín oko àti igbó lọ. Nígbà tí o bá dé e, òpópónà kan ni ìwọ yóò rí, ilé ọtí àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ship, ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti ilé bíríkì díẹ̀ tí àwọn tí ń gbé inú wọn lè mọ ara wọn lórúkọ tán pátápátá.

Ìlú ńlá ni ibi yìí nígbà kan rí, Àlàó. Nígbà tí ọba William tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ka gbogbo ohun ìní ilẹ̀ náà sínú ìwé ní ọdún 1086, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni wọ́n bá ní Dunwich, ẹja ṣáwá tí ìlú náà sì ń san lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí owó, kò dín ní 60,000. Ní 1199 ọba John fún wọn ní ìwé àṣẹ tí ó sọ wọ́n di ìlú tí ń ṣàkóso ara rẹ̀. Irun àgùntàn àti ọkà ń ti èbúté wọn jáde lọ sí òkè òkun, wáìnì àti igi gẹdú àti aṣọ olówó iyebíye ń wọlé, àwọn apẹja wọn sì ń tukọ̀ dé Iceland. Ṣọ́ọ̀ṣì ń pọ̀ sí i, àwọn ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀. Èbúté díẹ̀ ni ó lè bá a dọ́gba ní gbogbo ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé 1086 yẹn kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ oko méjì ni ìlú náà ní kí William tó jọba, àti pé òkun ti gbé ọ̀kan lọ. Ogún ọdún péré ni ó wà láàárín ìgbà méjèèjì! Ìkìlọ̀ ti wà nínú ìwé ọba fún igba ọdún kí ìjì ńlá tó dé ní 1286, tí omi sì wó ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Àwọn ará Dunwich mọ òní, wọ́n sì rò pé ọ̀la yóò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ilẹ̀ etíkun ibẹ̀ kì í ṣe àpáta. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ra ni òkè náà láti orí dé ìdí, débi pé bí o bá fi ìka ha á, yóò máa ya sílẹ̀. Bí ìgbì ìgbà òtútù bá ti ìhà àríwá wá, yóò gbá ẹsẹ̀ òkè lọ, orí yóò sì wó tẹ̀lé e. Omi kò sì ní fi ohun tí ó wó sílẹ̀ síbi tí ó wó sí. Yóò máa wọ́ ọ gba etíkun lọ, ohun tí ó jẹ níhìn-ín ni yóò pọ̀ sọ́hùn-ún. Ohun tí ó pa Dunwich gan-an nìyí, nítorí pé ní 1328 ìjì kó òkúta wẹ́wẹ́ di ẹnu èbúté wọn pa, odò sì wá ọ̀nà mìíràn sí òkun lọ́nà àríwá, sí ìhà Walberswick. Ọkọ̀ tẹ̀lé odò, oníṣòwò tẹ̀lé ọkọ̀, owó bodè tẹ̀lé oníṣòwò. Àwọn ará Dunwich bá àwọn ará Walberswick àti Southwold jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n kì í ṣe ènìyàn tí a lè bá ṣẹjọ́. Láti ìgbà náà ni òkun ti ń bu ìlú náà bí ẹni ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ, tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí 1677 ó ti dé àárín ọjà.

Àwọn tí mo fẹ́ kí o fara wé nínú ìtàn yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n ń pè ní Greyfriars, ọmọ ẹ̀yìn Francis Mímọ́, tí wọ́n ń wọ aṣọ eérú. Wọ́n ti kọ́lé súnmọ́ omi jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjì 1286 fi ojú wọn rí nǹkan, wọn kò jókòó gbàdúrà kí òkun padà. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ mìíràn lókè ní ìwọ̀-oòrùn, ní 1290 wọ́n sì ti ń ṣí lọ síbẹ̀. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ojo, ṣùgbọ́n akọni tí ó mọ ìjà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bá ogun lọ. Ògiri wọn dúró títí di òní, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ méjèèjì, àti àwókù ilé tí ó wà nínú ọgbà náà. Ní 1538 ni wọ́n tú wọn ká: ọba Henry Kẹjọ ni ó lé wọn, kì í ṣe òkun. Bí o bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn lónìí, tí o sì wo bí etí òkè ti súnmọ́ ọn tó, ìwọ yóò mọ bí ilẹ̀ tí ó ti lọ láàárín ti pọ̀ tó.

Ohun mìíràn wà tí ń dùn mí nínú ìtàn náà. Ìlú ti lọ, ṣùgbọ́n oyè rẹ̀ kù. Títí di 1832 ni Dunwich ń rán ọkùnrin méjì lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, nígbà tí àwọn tí ń dìbò níbẹ̀ kò tó ogójì mọ́, tí àwọn olówó sì ń ra ìbò wọn bí ẹni ra iṣu. Bẹ́ẹ̀ Manchester tí èrò ibẹ̀ pọ̀ bí eéṣú kò ní aṣojú kan ṣoṣo. Ìtìjú ni. Mo mẹ́nu bà á nítorí ohun tí o kọ sínú ìwé rẹ, pé orúkọ àdúgbò náà yóò gbé yín níyì láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Ọmọ mi, orúkọ tí ó dùn létí kò dá ìgbì dúró rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ni ó kẹ́yìn nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ní ọ̀rúndún 18 ni wọ́n ti pa ìsìn tì nínú rẹ̀. Ní 1904 etí òkè dé ìdí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó díẹ̀díẹ̀ títí tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ fi bọ́ sí òkun ní 1919. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ fọ́tò nígbà náà yà á bí ó ti ń lọ. Itẹ́ òkú rẹ̀ náà ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, egungun àwọn tí wọ́n fi omijé àti orin sin sì ń yọ lára òkè, wọ́n ń bọ́ sórí iyanrìn lójú àwọn tí ń rìn kọjá. Ìwọ tí a bí sí ilé tí a kì í fi ojú òkú bàbá ẹni gbolẹ̀, ro ìyẹn wò. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé bí ìjì bá fẹ́ jà, a máa ń gbọ́ agogo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyí tí ń lù lábẹ́ omi. N kò gbà á gbọ́, nítorí wọn kì í fi agogo ńlá sílẹ̀ fún omi nígbà tí wọ́n lè tà á. Ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn jiyàn, nítorí ẹni tí ó pàdánù ìlú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtàn.

Má ṣe rò pé ibi ọ̀fọ̀ ni mo ń rán ọ lọ o. Mú aya rẹ àti àwọn ọmọ dání. Ẹ kọ́kọ́ wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé kékeré tí wọ́n fi ìfẹ́ tọ́jú, níbi tí wọ́n ti ṣe àwòrán ìlú àtijọ́ náà sí orí tábìlì pẹ̀lú òpópónà àti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ ó rí iṣẹ́ Ralph Agas tí ó ya àwòrán ilẹ̀ ìlú náà ní 1587, ẹ ó sì gbọ́ nípa Thomas Gardner ará Southwold tí ó tẹ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1754. Láyé tiwa yìí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southampton fi ẹ̀rọ tí ń lo ohùn wo ìlú náà nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, tí ojú kò lè ríran nínú rẹ̀, wọ́n sì bá àwókù àwọn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí àwòrán Agas ní kí wọ́n wò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St James, kí ẹ wo àwókù ilé ìsìn àwọn adẹ́tẹ̀, òkúta rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́wà, àti òpó kan ṣoṣo tí wọ́n gbé wá láti All Saints kí òkun tó mú un.

Ní gúúsù abúlé ni pápá gbalasa Dunwich Heath wà, tí ewéko heather máa ń sọ di aláwọ̀ àlùkò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun nínú oṣù kẹjọ. N kò tíì rí ibi tí ó wù mí jù ú lọ ní Suffolk. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Minsmere, ilẹ̀ àbàtà tí àwọn olùtọ́jú ẹyẹ ń ṣọ́. Nígbà ogun Hitler ni wọ́n fi omi bo ibẹ̀ kí ọ̀tá má baà gúnlẹ̀, àwọn ẹyẹ avocet tí a kò rí kí wọ́n yé ẹyin ní ilẹ̀ yìí fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sì padà wá ní 1947. Bí ẹ bá wá nínú oṣù keje, ó ṣeé ṣe kí ẹ pàdé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ rin òru láti London mọ́ Dunwich lábẹ́ òṣùpá. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, wọn a sì bọ́ sínú òkun ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín wà létíkun, ó gbóná, ó sì pọ̀ nínú àwo. Kìkì pé kí o má jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ òkè náà, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn.

Ẹ̀yìn ìgbà tí o bá ti rí gbogbo èyí ni kí o tó padà sórí ọ̀rọ̀ ilé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ohun tí ètò wọn fún etíkun sọ nípa ibẹ̀ gan-an, nítorí wọ́n ti pín etíkun ilẹ̀ yìí sí abala abala, títí dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí i: ibi tí wọn yóò dáàbò bò, ibi tí wọn yóò ti fà sẹ́yìn, àti ibi tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún òkun. Béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò bóyá wọn yóò san owó bí òkun bá jẹ ilẹ̀ náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í san án. Ìjọba náà kì í san owó ilé fún ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́, àfi ìrànwọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ń wó o kí ó tó ṣubú. Ní Hemsby àti Happisburgh, ní Norfolk tìrẹ yẹn, àwọn tí wọ́n ra ilé bí ìwọ ti fẹ́ rà á yìí ti dúró wo bí wọ́n ti ń wó o. Nílé ní Nàìjíríà, àwọn ará wa Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ Àyétòrò dó sí etí òkun ní 1947, tí omi sì ti gba ilé àti òpópónà lọ́wọ́ wọn, kò ní àǹfààní láti yàn bí ìwọ ti ní.

Bí ó bá jẹ́ pé òkun ni aya rẹ fẹ́ràn, ẹ yá ilé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì ra èyí tí ẹ ó fi ṣe ibùgbé sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré, tí fèrèsé rẹ̀ kò sì kọjú sí nǹkan kan ju ògiri aládùúgbò lọ. Èmi yóò ràn yín lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun tí mo bá ní.

Ọjọ́ Sátidé tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ wá. Èmi yóò dúró dè yín ní Darsham. Kí àwọn ọmọ wọ aṣọ tí ó nípọn, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kí o sì mú gbogbo ìwé tí agẹ́ńtì fún ọ dání, kí a jọ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Akíndélé