KÁÚN Ń DI IYỌ̀ NÍNÚ IKÙN

Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti sọ fún ìyá wa àgbà nílé ìwòsàn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n sì gbọ́. Iyọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọbẹ̀ wọn mọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí à ń se ẹ̀wà, mo rí i tí wọ́n ju káún ńlá kan sínú ìkòkò. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dín iyọ̀ kù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, iyọ̀ kọ́ lèyí o, káún ni." Mi ò rí èsì fọ̀. Ìwé Kẹ́mísírì ni mo lọ ṣí.

Lẹ́nu wa, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ iyọ̀. Nínú Kẹ́mísírì, orúkọ ìdílé ni. Tí mẹ́táàlì tàbí ammonium bá gba ipò hydrogen inú acid, iyọ̀ la rí yẹn. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni NaCl, ọmọ hydrochloric acid. Káún, tí ìwé ń pè ní trona, jẹ́ ọmọ carbonic acid: Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O. Iyọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi. Na₂CO₃ jẹ́ normal salt torí hydrogen inú acid rẹ̀ ti lọ tán. NaHCO₃ jẹ́ acid salt torí ọ̀kan ṣì kù.

Orúkọ ló ń tàn wá. Tí a bá ń sọ Òyìnbó, potash là ń pe káún, ẹni tó bá gbọ́ á rò pé potassium ni. Omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ni potassium pọ̀ nínú rẹ̀. Káún tí wọ́n ń tà lọ́jà Owódé níbí, òkè Ọya ló ti ń wá, àgbègbè adágún Chad sì ti pẹ́ nídìí òwò rẹ̀. Sodium ló pọ̀ nínú tiẹ̀.

Báwo la ṣe lè dá káún àti iyọ̀ ọbẹ̀ mọ̀ yàtọ̀?

1. Litmus: Omi káún máa ń sọ litmus pupa di búlúù, torí iyọ̀ base líle àti acid tí kò lágbára ni. Omi iyọ̀ ọbẹ̀ ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

2. Iná: Tí a bá yan káún nínú test tube, ìkán omi máa hàn lẹ́nu rẹ̀, gáàsì CO₂ á sì jáde. Iná láàbù ò lè tú iyọ̀ ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

3. Acid: Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún, á hó yaya. Gáàsì tó ń jáde máa ń sọ limewater di funfun bíi mílíìkì. Iyọ̀ ọbẹ̀ á kàn dákẹ́ ni.

Ìkẹta yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò. Tó bá jẹ́ hydrochloric acid la dà sí i:

Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O + 3HCl → 3NaCl + 4H₂O + 2CO₂

Ṣé ẹ rí ohun tó jáde? NaCl! Iyọ̀ ọbẹ̀! Bẹ́ẹ̀, hydrochloric acid kan náà ló wà nínú ikùn wa tó ń mú kí oúnjẹ dà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: káún 226 g máa di NaCl 175.5 g. Nítorí náà, káún 10 g tí kò ní yanrìn nínú á di iyọ̀ tó lé ní 7.7 g. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó 5 g lójúmọ́. Lóòótọ́, ẹnì kan kọ́ ló ń jẹ ìkòkò ẹ̀wà tán, àmọ́ káún gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Yàtọ̀ síyẹn, káún máa ń ba vitamin B1 inú ẹ̀wà jẹ́.

Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún níwájú ìyá àgbà, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa, kí la wá fẹ́ ṣe sí ẹ̀wà tí kì í tètè rọ̀?" A rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ó rọ̀, kò gba káún.

Tí wọ́n bá ti ní kí ẹnì kan dín iyọ̀ kù nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ káún, kó sì bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Iṣẹ́ ṣíṣe: NaHCO₃ 84 g, tó bá pàdé HCl tó pọ̀ tó, á di NaCl mélòó? Ẹ kọ ìdáhùn yín fún akọ̀wé Press Club.