Ta Ni Ó Fọwọ́ Sí Ìwé Yìí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí eré: kí ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní orúkọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Ànábì fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, wọ́n sọ fún un pé wọn kì í ka ìwé tí kò ní òǹtẹ̀. Ó ṣe òrùka fàdákà, a fín orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Anas gbà á wá pé ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fín irú rẹ̀. Ìfọwọ́sí òbí ni òǹtẹ̀ tirẹ̀.

Nínú hadiisi Abū Bakrah, Ànábì ka ẹbọ ṣíṣe àti àìgbọràn sí òbí mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù. Ó fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó ń tún un sọ ṣáá. Ọmọ tó fọwọ́ bàbá rẹ̀ sí ìwé ti kó méjì pọ̀ nínú mẹ́ta náà.

Ẹ má sì rò pé máàkì nìkan ni. Bí ọkọ̀ tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ìrìn-àjò bá dànù lọ́nà Omu-Aran ńkọ́? Bàbá á ní òun kò mọ̀ pé ọmọ òun kúrò nílùú, ilé-ìwé á sì mú ìwé tí "bàbá" fọwọ́ sí jáde.

Àwọn kan á ní: "Bàbá mi wà lóko, kò sì mọ̀wé." Òótọ́ lèyí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Osi àti Iloffa. Sùúrà Bákórà, áyà 282, ti yanjú rẹ̀: ẹni tí kò lè sọ ohun tí a ó kọ, kí alámòójútó rẹ̀ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Akọ̀wé bàbá rẹ ni ọ́, ìwọ kọ́ ni bàbá. Dúró dè é títí yóò fi ti oko dé. Kà á sí i létí ní Èkìtì tó gbọ́, má fo ibi tí o ti gbòdo. Kí ó tẹ àtàǹpàkò, kí o kọ orúkọ ara rẹ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwọ lo kà á fún un.

Mo mọ̀ pé pàṣán ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Òbí tó ń nani kí ó tó gbọ́ ìwé tán náà jẹ̀bi díẹ̀.

Ẹni tó ti ṣe é, ìrònúpìwàdà rẹ̀ kò parí sórí ẹní ìkírun, torí ẹ̀tọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún òbí rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n gba fọ́ọ̀mù mìíràn.