Ibo Ni Omi Ẹ̀yìnkùlé Yín Ń Ṣàn Lọ?



Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, oògùn ìgbẹ́ gbuuru ni àwọn ènìyàn máa ń wá rà lọ́wọ́ mi. Èmi náà a bi wọ́n pé: kànga yín ńkọ́? Kí ló wà lókè rẹ̀? Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ máàpù odò lóṣù yìí nìyẹn.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní GIS, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ odò kiri kí wọ́n tó mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ti Amẹ́ríkà lo ọjọ́ 11 lókè, ó ń fi rédà wọn gíga ilẹ̀ ayé. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi mítà 30. Igun kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́jọ; èyí tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ jù ni kọ̀ǹpútà máa darí omi sí. Yóò wá ka iye igun tí omi wọn ń gba ojú kan kọjá. Ibi tí omi púpọ̀ bá ti pàdé, odò nìyẹn. Lẹ́yìn náà, tí a bá tọ́ka sí ojú kan, máàpù yóò fi gbogbo ibi tí omi ibẹ̀ ń lọ hàn wá.

Ẹ wo odò Ògùnpa. Ó ti apá Bódìjà wá, ó gba ọgbà Àgodi, ó kọjá lápá Dùgbẹ̀, ó pàdé Kúdẹtì, wọ́n sì jọ ń wọ odò Ọ̀nà lọ. Pàǹtí tí a bá dà sí i lókè, ará ìsàlẹ̀ ló ń gbà á. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ènìyàn tó lé ní 100 n'Íbàdàn.

Máàpù náà ní àbùkù tirẹ̀. Mítà 30 fẹ̀ ju òpópónà mìíràn lọ ní Agbowó, rédà kò sì rí tìmùtìmù tí ẹnìkan jù sábẹ́ afárá. Ojú tiwa ló lè rí ìyẹn.

Nítorí náà, bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró sí ojú fèrèsé kí ẹ wo ibi tí omi àgbàlá ń gbà. Bí ṣalángá bá wà lókè, tí kànga wà nísàlẹ̀, ẹ má mu omi náà láìsè é. Ẹ má sì da oògùn tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ sínú gọ́tà; ẹ gbé e padà fún apòògùn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ kí á yàgbẹ́ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ó má gadú, mọ́ lítà kan omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, onígbáméjì lè ni: ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀.