Àpótí Ìmọ̀: Ìròyìn Tó Yá Kì í Jẹ́ Kí Ẹ̀gẹ́ Ṣòfò

Bí a bá ti fa ẹ̀gẹ́ tu, kò ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ tí inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó wú u, ó yẹ kó mọ ẹni tí yóò rà á àti ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé.

Ó tún yẹ kó mọ ohun tí oníbàárà fẹ́ fi í ṣe. Ẹlẹ́lùbọ́ láfún máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta kó lè rọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kan rárá: yóò bó o, yóò rin ín, yóò fún omi rẹ̀, yóò sì sá a kíákíá.

Ní 2008, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àkànṣe lórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní C:AVA, tó so àgbẹ̀, aṣèyẹ̀fun àti ilé-iṣẹ́ oúnjẹ pọ̀ ní Nàìjíríà, Gánà, Ùgáńdà, Tàǹsáníà àti Màláwì.

Ẹ ṣe é wò: Ẹ béèrè lọ́wọ́ onígàárì kan ládùúgbò yín: ta ló ń sọ iye owó ọjà fún un?