Ìpíndọ́gba: Ta Ni À Ń Pín Fún?

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì sáré wọlé bá mi tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Bàbá mi, ẹ bá mi yọ̀! Mo ti bọ́ sí 2:1."

Mo ní kó ṣírò rẹ̀ lójú mi. Jípìí (GPA) rẹ̀ ní sáà kìn-ín-ní jẹ́ 4.00, ti sáà kejì jẹ́ 3.00. Ó ro méjèèjì pọ̀, ó pín in sí méjì, 3.50 jáde. Lórí òṣùwọ̀n 5 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa ń lò, ibẹ̀ gan-an ni 2:1 (ìpele kejì ti òkè) ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìpíndọ́gba náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi ní kẹ́sẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pín nǹkan dọ́gba, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé: fún ta ni?

Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Bó bá jẹ́ ìdí igi, iye ìyàwó là ń kà: ìyàwó olọ́mọ kan àti ìyàwó olọ́mọ mẹ́fà, ìpín kan náà ni. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, iye ọmọ là ń kà. Dọ́gba ni méjèèjì, àwọn tí a pín in fún ló yàtọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ ogún Dawodu àti Danmole gbéra láti Èkó dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdí igi ni wọ́n fọwọ́ sí ní 1962. Orí-ò-jorí ni yunifásítì ń lò ní tiẹ̀. Kọ́ọ̀sì ni ìyàwó; yúníìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní, ni ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó: A jẹ́ póìǹtì 5, B jẹ́ 4, D jẹ́ 2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba A nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3: 5 lọ́nà 3 jẹ́ 15. Ó gba B nínú oníyúníìtì 2, ó di 8. Ó gba D nínú oníyúníìtì 1, ìyẹn 2. Àròpọ̀ póìǹtì jẹ́ 25. Pín in fún yúníìtì 6, o rí 4.17. Bí A bá wá bọ́ sórí yúníìtì 1, tí D bọ́ sórí yúníìtì 3, póìǹtì á di 19, jípìí á já sí 3.17. Ẹni tó ń pín in ní ìdí igi kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà: 3.67 ló máa rí nígbà méjèèjì.

Ẹ má tún da àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. 72 tí wọ́n kọ sórí ìwé ìdánwò ni máàkì. A ni gírédì. 5 tí A dúró fún ni póìǹtì. Ohun tó jáde lẹ́yìn pínpín ni jípìí. Ẹni tó bá ní "máàkì mi jẹ́ 4.17" ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀dẹ̀ lójú olùkọ́.

Mo bi ọmọ àbúrò mi léèrè iye yúníìtì tó ṣe. 16 ní sáà kìn-ín-ní, 24 ní ìkejì. Póìǹtì 64 àti 72, àròpọ̀ 136. Pín in fún 40, 3.40 jáde. 2:2 ni, ìpele tó wà nísàlẹ̀ 2:1. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Kí wá ni 3.50 tí mo rí yẹn?"

"Agbedeméjì ni. Ibi tó wà láàárín 4 àti 3 lo rí. Agbedeméjì kì í ṣe ìpíndọ́gba, àfi bí ọmọ ìyàwó méjèèjì, ìyẹn yúníìtì sáà méjèèjì, bá pé iye kan náà."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún gbé fóònù rẹ̀. "Yúníìtì 20 ni mo máa ṣe ní sáà tó ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ á di 60. 60 lọ́nà 3.50 jẹ́ 210. Ẹ yọ 136 kúrò: póìǹtì 74 ló kù tí mo máa wá."

Kò bi mí bóyá òun gbà á. Ó ti mọ ẹni tó ń pín in fún.